Lincoln àti ìbò ọdún 1864

Tí àwọn ọmọ bá bi mí pé ààrẹ Amẹ́ríkà wo ni mo fẹ́ràn jù, Abraham Lincoln ni mo máa ń dárúkọ. Kentucky ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1809. Gbogbo ọjọ́ tó lò níléèwé ò pé ọdún kan, síbẹ̀ ó kàwé fúnra rẹ̀ títí ó fi di lọ́yà.

Gbogbo èèyàn ló ń yìn ín nítorí ọ̀rọ̀ àwọn ẹrú. Èmi tún ń yìn ín nítorí ìbò ọdún 1864. Ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́, ó ti sú ará ìlú, Lincoln fúnra rẹ̀ sì gbà pé òun ò ní wọlé. McClellan, ọ̀gágun tó ti yọ nípò, ló ń bá a du ipò náà. Síbẹ̀, kò sún ìbò síwájú. Ní August 23, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé tóun bá pàdánù, òun á fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú ẹni tó bá wọlé kí orílẹ̀-èdè má bàa pín. Ó ní kí àwọn mínísítà òun fọwọ́ sí ẹ̀yìn ìwé náà láìkà á.

Ní September, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ gba Atlanta. Ní November, ó wọlé. Wọ́n yìnbọn fún un ní April 14, 1865, ó sì kú lọ́jọ́ kejì.

Àwa tí wọ́n fagi lé ìbò wa lọ́dún 1993, a mọ iyì ohun tó ṣe yẹn. Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ náà mọ̀ ọ́n.