Alábùkún-fún Maria Teresa Ledóchowska (1863–1922)

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ẹ̀kọ́ ìrìbọmi ní Pobè àti Sakété, ẹ gbọ́ ìtàn obìnrin ọlọ́lá kan tí kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Áfíríkà rí, síbẹ̀ tí ó fi ayé rẹ̀ sìn ín.

Ọdún 1863 ni a bí i ní Loosdorf, ní ilẹ̀ Austria. Ìjòyè ọmọ ilẹ̀ Pólàǹdì ni baba rẹ̀. Ìgbàgbọ́ fìdí múlẹ̀ nínú ilé wọn: Urszula àbúrò rẹ̀ di Ẹni Mímọ́ ní 2003; àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Włodzimierz, ṣe olórí ẹgbẹ́ àwọn Jésúìtì láti 1915 títí di 1942.

Ní 1885, ìgbóná wọ ilé wọn. Baba kú, ọmọ yè. Lórí àìsàn náà ni Maria ti pinnu láti fi ara rẹ̀ fún Ọlọ́run. Ààfin Salzburg ni ó ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ó ka ọ̀rọ̀ Kádínà Lavigerie lórí òwò ẹrú ní Áfíríkà. Ọkàn rẹ̀ kò sinmi mọ́. Ó dá ìwé ìròyìn kan sílẹ̀ ní 1889, ó fi ààfin sílẹ̀ ní 1891, ó sì dá ẹgbẹ́ Pétérù Klaver Mímọ́ sílẹ̀ ní 1894. Ẹgbẹ́ náà ń kó owó jọ fún àwọn ajíhìnrere, ó sì ń tẹ kátékísìmù ní àwọn èdè Áfíríkà.

Ó kú ní Róòmù ní ọjọ́ 6 oṣù keje, 1922. Póòpù Pọ́ọ̀lù Kẹfà kéde rẹ̀ ní Alábùkún-fún ní 1975.

Ẹ rántí rẹ̀ nígbàkigbà tí ẹ bá ṣí kátékísìmù yín. Ìrìbọmi yóò sọ yín di ọmọ ìyá àwọn tí ẹ kò rí rí. Ta ni ẹ̀yin náà yóò sìn láìfojú kàn án?