Àlùfáà Olórin: Ìtàn Ìgbésí Ayé Canon Josiah Jesse Ransome-Kuti

Bí a ti ń ṣe àjọ̀dún ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Ilé-Ifẹ̀ yìí, tí ẹgbẹ́ akọrin sì ń múra orin ìdúpẹ́ sílẹ̀, ó tọ́ kí a rántí ọ̀kan nínú àwọn tí ó la ọ̀nà fún orin ìyìn ní èdè wa.

Ní ọdún 1855 ni a bí Josiah Jesse Ransome-Kuti ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ìyá rẹ̀ ni ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ lé ọ̀nà Kristi. Ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ lọ́dọ̀ ìjọ C.M.S., ó sì kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní orin ní Èkó. Ó di díákónì ní 1895, ó sì di àlùfáà ní 1897.

Ní ayé ìgbà náà, orin tí a túmọ̀ láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìjọ ń kọ, ohùn òyìnbó ni a sì fi ń kọ ọ́. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ọkọ, ọ̀tọ̀ ni ọkọ́, ọ̀tọ̀ sì ni ọkọ̀, yóò mọ ìṣòro tí ó wà níbẹ̀. Ìjọ lè kọrin tọkàntọkàn, kí àlejò tí ó wọlé má sì mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ransome-Kuti wá ń ṣe orin tí ohùn rẹ̀ ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀, bí ará ilé ti ń kọrin. Ẹni tí kò mọ̀wé pàápàá lè gbè é.

Ní 1922, nígbà tí ó ti di ẹni ọdún 67, ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ilé-iṣẹ́ Zonophone gba orin 43 sílẹ̀ láti ẹnu rẹ̀. Wọ́n wà lára àwọn orin Yorùbá àkọ́kọ́ tí a gbọ́ nínú ẹ̀rọ giramafóònù. Ní ọdún kan náà ni ó di Canon ní Kàtídírà Kristi, Èkó. Ó sùn nínú Olúwa ní 1930.

Ọmọ rẹ̀, Israel Oludotun, di ọ̀gá àgbà Abẹ́òkúta Grammar School àti ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni Fela. Wọlé Ṣóyínká, tí ó ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ifẹ̀ wa níhìn-ín, jẹ́ ọmọ ìran rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́, ohun tí àlùfáà yìí fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wa. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ni kò lè kọ orin Yorùbá kan dé òpin mọ́. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ wọn nílé, kí ilé-ẹ̀kọ́ lè máa gbè é.