Ladi Kwali, Amọ̀kòkò Ilẹ̀ Gbagyi

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ fi Karu ṣe ibùgbé, ẹ kò ní ṣàì máa rí àwọn obìnrin Gbagyi tí wọ́n ń ru igi àti omi lórí èjìká, tí wọn kì í gbé e sórí bí tiwa. Àwọn ni onílẹ̀; àlejò ni àwa. Ọ̀kan nínú wọn ni a ń sọ ìtàn rẹ̀ yìí, ẹni tí ọ̀pọ̀ yín ti ná àwòrán rẹ̀ lọ́jà láìmọ̀ ọ́n.

Ní nǹkan bí ọdún 1925 ni a bí Ladi ní abúlé Kwali. Ọwọ́ obìnrin ìbátan rẹ̀ kan ni ó ti kọ́ ìkòkò mímọ. Kì í yí ìkòkò rárá: òun fúnra rẹ̀ ni ó máa ń fi ẹ̀yìn rìn yí i ká, tí yóò máa fa amọ̀ náà sókè díẹ̀díẹ̀ títí àmù ńlá yóò fi dúró. Lẹ́yìn náà ni yóò fín alángbá, àkéekèé, ọọ̀nì àti ẹja sí i lára.

Ẹ́míà Abuja, Sulaiman Barau, kó díẹ̀ nínú wọn sí ààfin rẹ̀. Ibẹ̀ ni Michael Cardew, òyìnbó tí ìjọba fi ṣe alábòójútó iṣẹ́ ìkòkò, ti rí wọn ní ọdún 1950. Nígbà tí ó dá ibi ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀ nílùú náà, Ladi wọ ibẹ̀ ní 1954, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ó kọ́ bí a ti ń fi kẹ̀kẹ́ mọ ìkòkò àti bí a ti ń kùn ún kí ó máa dán bí dígí, ṣùgbọ́n kò fi ọ̀nà àwọn ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ará London rí iṣẹ́ rẹ̀ ní 1958, ó sì ṣe é lójú àwọn ará Amẹ́ríkà ní 1972.

Abuja tí à ń wí yìí kì í ṣe olú-ìlú wa. Abu Ja, ọmọ ọba Zaria tí ogun Fúlàní lé kúrò nílé, ni ó tẹ̀ ẹ́ dó ní 1828. Haúsá, Gbagyi àti Koro sì jọ ń gbé ibẹ̀. Ní 1976 ìjọba mú orúkọ rẹ̀ fún olú-ìlú tuntun, ìlú àtijọ́ sì di Suleja. Ilẹ̀ Gbagyi púpọ̀ bá a lọ, tòun ti Kwali àti Karu. Kò lè rọrùn fún ẹni tí ilé bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀. Síbẹ̀ ọwọ́ Ladi kò kúrò nínú amọ̀.

Yunifásítì Ahmadu Bello fi oyè dókítà dá a lọ́lá ní 1977. Ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ 1984 ni ó kú. Orúkọ rẹ̀ ni a fi pe ibi ìkọ́ṣẹ́ Suleja. Láti 2007, ẹ wo owó ogún náírà: Murtala Muhammed, tí ìjọba rẹ̀ ṣe òfin olú-ìlú náà, wà níwájú, Ladi Kwali wà lẹ́yìn, ó ń mọ ìkòkò.