Joseph Henry

Joseph Henry (17 Oṣù Kejìlá 1797 – 13 Oṣù Karùn-ún 1878) jẹ́ onímọ̀ físíksì ará Amẹ́ríkà. Òun ni ó kọ́kọ́ kọ̀wé jáde nípa iná tí ó máa ń ta pàrà nígbà tí a bá já wáyà gígùn kúrò lára bátìrì.

Wọ́n bí i sí ìlú Albany, ní Ìpínlẹ̀ New York, nínú ìdílé tí kò rí já jẹ. Ó kọ́ṣẹ́ aago àti fàdákà kí ó tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ Albany Academy, níbi tí ó ti di olùkọ́ ní 1826. Iṣẹ́ olùkọ́ kì í jẹ́ kí ó ráyè, nítorí náà àsìkò ìsinmi ni ó fi ń ṣe púpọ̀ nínú ìwádìí rẹ̀. Ó fi sílíìkì wé wáyà kí ó lè ká a ní ìpele-ìpele lára irin láìjẹ́ pé iná ń gba ara wáyà kan bọ́ sí èkejì. Òòfà tí ó fi ọgbọ́n yìí ṣe fún Yale College ní 1831 gbé ẹrù tí ó ju kìlógírámù 900 lọ.

Henry ṣàkíyèsí pé bí wáyà bá kúrú, iná kì í fi bẹ́ẹ̀ ta nígbà tí a bá já a. Bí ó bá gùn, iná a ta pàrà; bí a bá tún ká a, a le sí i. Ìdí ni pé nígbà tí iná mànàmáná ń ṣàn nínú wáyà, ó ń kó agbára jọ sínú pápá òòfà tí ó yí wáyà náà ká. Bí a bá já wáyà, pápá náà a wó, agbára inú rẹ̀ a sì padà sínú wáyà, a máa ti iná kí ó má dúró. Agbára tí ó fò jáde yìí kì í ṣe ti bátìrì mọ́. Ìwọ̀n rẹ̀ ni ½LI²: bí ìṣàn iná (I) bá di ìlọ́po méjì, agbára tí ó wà ní ìpamọ́ a di ìlọ́po mẹ́rin. Àwọn tí ó dé lẹ́yìn Henry ni wọ́n ṣe àlàyé yìí. Òun rí iná náà, ó sì ṣàkíyèsí ohun tí ń mú un pọ̀ sí i.

Ìfàsẹ́yìn yẹn ná an ní nǹkan. Michael Faraday ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kéde ní 1831 bí òòfà ṣe ń mú iná wá, kí Henry tó tẹ ìwádìí tirẹ̀ jáde ní 1832. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iná tí ń ta pàrà wà nínú ìwé Henry yẹn, ọdún 1834 ni Faraday sì tó bá a pàdé.

Ní 1832 kan náà ó lọ kọ́ni ní Princeton, ní 1846 ó sì di Akọ̀wé àkọ́kọ́ fún Smithsonian Institution ní Washington, ipò tí ó wà títí ó fi kú. Ní 1893, ìpàdé àwọn onímọ̀ iná mànàmáná ní Chicago fi orúkọ rẹ̀, henry, sọ ìwọ̀n L. Kọ́ìlì tí ń mú kí púlọ́ọ̀gì ọkọ̀ tí ń lo epo bẹtiróòlù ta iná wà lára àwọn ohun tí a ń fi ìwọ̀n yìí wọ̀n.