Adájọ́ Táslím Ọláwálé Elias: Ipò Lè Lọ, Ìmọ̀ Kì í Lọ

Láti Èrìjìyàn dé Àrámọkọ, títí dé Ìjerò, a máa ń gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń sọ pé ẹni tó bá ti wọ iṣẹ́ oṣù, tó sì ti gbéyàwó, ìwé kíkà ti tán fún un. Nítorí ọ̀rọ̀ yìí ni a ṣe mú ìtàn Adájọ́ Elias wá lóṣù yìí.

Èkó ni a bí ọmọ Mùsùlùmí yìí sí ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá, ọdún 1914. Ilé ìwé àwọn ajíhìnrere ló kà. Ní 1932 ó gbéyàwó. Ní 1935 ó wọ iléeṣẹ́ Rélùwéè, ọ́fíìsì àwọn tó ń ṣírò owó ni wọ́n fi í sí, ọdún mẹ́sàn-án ló sì lò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pa ìwé dé. Èkó níbẹ̀ ló ti ń kàwé fún ìdánwò Yunifásítì London, tó sì ń yege. Ní 1944 ó wọkọ̀ lọ sí ìlú Òyìnbó. Ó di lọ́yà ní 1947, nígbà tó sì di 1949, òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ òfin ní Yunifásítì náà.

Kí ló fi ìmọ̀ náà ṣe? Ní 1951 ó ṣe ìwé lórí òfin ilẹ̀ àti àṣà wa ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá mọ bí ìjà ilẹ̀ ẹbí ṣe ń tú ilé ká yóò mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni.

Nígbà tí a gba òmìnira ní 1960, òun ni Mínísítà Ìdájọ́. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1966, ipò náà bọ́. Ó lọ ń kọ́ àwọn ọmọ ní òfin ní Yunifásítì Èkó, ọdún náà kò sì tíì parí tí ìjọba tún fi pè é padà. Ní 1972 ó di Adájọ́ Àgbà ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní oṣù keje 1975, ìjọba mìíràn tún dé, wọ́n tún gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dún kan náà ni àwọn orílẹ̀-èdè ayé dìbò yàn án sí Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní The Hague. Ní 1982 ó di olórí ibẹ̀, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ipò náà.

Orí àga yìí ló wà nígbà tí Nicaragua, orílẹ̀-èdè kékeré kan, pe Amẹ́ríkà lẹ́jọ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún 1984, ilé ẹjọ́ pàṣẹ kí Amẹ́ríkà yé dí èbúté Nicaragua, kó sì yé ri bọ́ǹbù sínú omi ibẹ̀. Gbogbo adájọ́ ló fohùn sí i, títí kan ọmọ Amẹ́ríkà tó wà láàárín wọn. Amẹ́ríkà kọ̀ láti bá ẹjọ́ náà lọ ní 1985, ṣùgbọ́n òdodo ti jáde lẹ́nu ilé ẹjọ́. Ẹ rántí àṣẹ Ọlọ́hun nínú Sùúratu Nisáì, pé kí a dúró ti òdodo, ìbáà jẹ́ olówó, ìbáà jẹ́ tálákà ni ọ̀rọ̀ kàn.

Ó jáde láyé ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ 1991, ó ṣì jẹ́ adájọ́ ibẹ̀. Ọmọ Mùsùlùmí mìíràn, Bọ́lá Ajíbọ́lá ará Ẹ̀gbá, ló parí sáà rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gba ipò lọ́wọ́ ọkùnrin yìí, ṣùgbọ́n kò sí ológun tó lè gba ohun tó wà lórí rẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́, kó ra ìwé rẹ̀ padà. Ìyàwó ilé tó fi ìwé sílẹ̀, kó tún un gbé. Kí Ọlọ́hun fi Àlùjánńà kẹ́ ẹ, kó sì fún àwa náà ní ìmọ̀ tó ń ṣeni láǹfààní. Ààmín.