Ọdúnjọ, Olùkọ́ Tí Ó Gbé Àlọ́ Wọ Inú Ìwé

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Bí ẹnìkan bá wà tí ó fi ayé rẹ̀ túmọ̀ òwe yìí, Olóyè Joseph Fọláhàn Ọdúnjọ ni. Ìbarà ní Abẹ́òkúta ni a ti bí i ní ọdún 1904. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Àgùdà ni ó ti kàwé, iṣẹ́ olùkọ́ ni ó sì yàn láàyò, títí ó fi di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́.

Ní ayé ìgbà náà, àlọ́ ni ilé ìwé àkọ́kọ́ fún ọmọ Yorùbá. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, àgbà a jókòó, àwọn ọmọdé a yí i ká. Àlọ́ àpamọ̀ a ṣáájú, àlọ́ àpagbè a sì tẹ̀ lé e tòun ti orin. Àwọn ajíhìnrere ti tẹ ìwé kíkà Yorùbá ṣáájú Ọdúnjọ, òun náà sì gbé adùn abẹ́ òṣùpá wọ inú kíláàsì. Aláwíyé ni ó pe ìwé rẹ̀, èyí ni ẹni tí ó ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ tí ó fi ń yéni. Láti ìwé kìn-ín-ní dé ìkẹfà, ọmọ yóò ti orí álífábẹ́ẹ̀tì bọ́ sí ọ̀rọ̀ kéékèèké, yóò kan ìtàn, àlọ́ àti ewì lórí iṣẹ́ àti ìwà, èyí tí àwọn àgbàlagbà kan ṣì ń kà lórí títí di òní.

Ní àwọn ọdún 1950, Ọdúnjọ di mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti iṣẹ́ nínú ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ darí. Ìjọba yìí ni ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955. Iye ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 dé 811,000 láàárín ọdún kan. Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà, kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Nítorí náà, àǹfààní yìí kan àwọn ọmọ ibẹ̀ pẹ̀lú.

Oyè ìṣèlú kò gba kálàmù lọ́wọ́ rẹ̀. Eré oníṣe rẹ̀, Agbàlọ́wọ́méèrí, Baálẹ̀ Jòntolo, jáde ní 1958, Àkójọpọ̀ Ewì Aládùn tẹ̀ lé e ní 1961, Kúyẹ̀, ìtàn ọmọ òrukàn tí ojú rẹ̀ rí màbo, sì jáde ní 1964.

Ọdúnjọ papò dà ní 1980. Lónìí, ariwo ọkọ̀ àti ọjà Òṣòdì kì í sinmi títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ní Ìsọlọ̀, oríṣiríṣi èdè ni ó ń pàdé nínú àgbàlá kan ṣoṣo, òbí mìíràn kì í sì í fi Yorùbá bá ọmọ sọ̀rọ̀ mọ́. Ọmọ bẹ́ẹ̀ lè gba ipò kìn-ín-ní nílé ìwé, kí ó má sì lè ka ìwé tí bàbá rẹ̀ àgbà fi mọ̀wé.

Ọdúnjọ kò retí kí ẹlòmíràn wá kọ ohun tí ọmọ ilé ìwé rẹ̀ yóò kà. Bí òbí bá fi ojú ewé kan péré ka ìwé fún ọmọ lálaalẹ́, tí ó sì ní kí ọmọ náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ àlọ́ tí ó gbọ́ lẹ́nu ìyá àgbà sílẹ̀, láìfi àṣìkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀nà tí olùkọ́ yìí là kò ní dí.