Fela Anikulapo-Kuti: Bó ṣe gbé saxophone lẹ́yìn trumpet

Abẹ́òkúta ni wọ́n bí Fela sí lọ́dún 1938. Ẹ̀kọ́ ìṣègùn ni wọ́n rán an lọ kọ́ ní London lọ́dún 1958, ṣùgbọ́n orin ló yàn ní Trinity College of Music, trumpet sì ni fèrè rẹ̀.

Lọ́dún 1973, Igo Chico tó ń fun saxophone fi ẹgbẹ́ Afrika 70 sílẹ̀. Fela gbé fèrè náà fúnra rẹ̀. Ètè àti ìka rẹ̀ ní láti kọ́ iṣẹ́ tuntun, ṣùgbọ́n orin kíkà kò yí padà: àmì treble clef kan náà ló ń ṣáájú orin tí a kọ fún fèrè méjèèjì.

Nínú àwo Gentleman, tó jáde lọ́dún kan náà, òun ló fun saxophone. Ó jáde láyé lọ́dún 1997, àmọ́ fèrè tó kọ́ lágbà yìí ni ọ̀pọ̀ fi ń rántí rẹ̀.